Ohun Tí Odò Ń Gbà Lára Apẹja

Ẹni tó bá dúró lórí afárá Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ní kùtùkùtù, tó wo ìsàlẹ̀, tó rí ọkùnrin kan tó rọra ń tukọ̀ lọ lórí Odò Ògùn, lè rò pé ìgbafẹ́ ni onítọ̀hún ń ṣe. Ọkọ̀ kì í pariwo. Apẹja kì í sáré. Àwọ̀n á fò, á ṣí sílẹ̀ lójú òfurufú, á rì, ká sì tó kà dé ogún, ó ti tún ń fà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàdé ọkùnrin kan náà ní èbúté ní ìrọ̀lẹ́, tí kò lè di ìkúùkù mọ́ nítorí pé ìka ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti ká, ẹ ó mọ̀ pé nǹkan ti lọ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nǹkan ọ̀hún la fẹ́ tú palẹ̀ níhìn-ín: ibo ni agbára apẹja ń gbà lọ, kí ló sì fà á tí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún fi ń bá iṣẹ́ náà dé alẹ́, nígbà tí géńdé ọmọ ogún ọdún ti wá ibòji jókòó sí?

Omi méjì ni àwọn apẹja Ẹ̀gbá ń dojú kọ. Odò Ògùn bẹ̀rẹ̀ láti àgbègbè Ṣakí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó la Abẹ́òkúta kọjá, ó sì gba Ìṣẹ̀rì lọ sí ọ̀sà Èkó. Àpáta pọ̀ nínú rẹ̀ láàárín ìlú; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi á fà, òkúta á yọrí, nígbà òjò odò á kún, á sì máa ṣàn kíkankíkan. Omi kejì ni adágún Ọ̀yán. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ inú Ògùn ni, ìjọba àpapọ̀ ló sé e, Ààrẹ Shehu Shagari ló sì ṣí dáàmù náà ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1983. Adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́ lọ tó 40 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó sì lè gba omi tó 270 bílíọ̀nù lítà. Bí ara ṣe ń ná agbára lórí omi méjèèjì yàtọ̀ síra. Lójú odò, ìṣàn omi àti àpáta ló ń jẹ okun apẹja. Lórí adágún, ọ̀nà jíjìn àti afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀n jíjù, torí òun ló ń kó gbogbo ara síṣẹ́. Òjé ló yí etí àwọ̀n yìí ká, òjé náà ló ń mú kó yára rì. Apẹja á so okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì, á ká okùn náà jọ, á gbé apá kan àwọ̀n sí èjìká, á fi eyín di etí rẹ̀ mú, á fi ọwọ́ ọ̀tún mú ìyókù. Á wá yí ìbàdí sẹ́yìn, á ju ara padà síwájú, á sì tú eyín sílẹ̀ lásìkò tó yẹ gẹ́lẹ́. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á ní apá ló ju àwọ̀n. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tẹ ìdí ọkọ̀, itan gba agbára náà lọ́wọ́ ẹsẹ̀, ìbàdí yí i, ẹ̀yìn gbé e dé èjìká, apá kàn ń darí rẹ̀ ni. Inú itan àti ìdí ni àwọn iṣan tó tóbi jù lọ lára ènìyàn wà. Bí ó bá jẹ́ àwọn ló ru iṣẹ́ náà, ó máa pẹ́ kó tó rẹ̀ wọ́n. Èjìká ní tirẹ̀ ni oríkèé tó rọ̀ jù lọ lára wa, iṣan kéékèèké mẹ́rin ló sì di orí egungun apá mú sínú ihò rẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ tó ń fi apá nìkan ju àwọ̀n ti gbé gbogbo iṣẹ́ ka àwọn mẹ́rin yìí lórí. Kí oòrùn tó kan àtàrí, èjìká rẹ̀ á ti máa ro ó.

Ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní àwọ̀n kan, pẹ̀lú òjé rẹ̀ àti omi tó ti mu, wọn kìlógíráàmù mẹ́fà. Ká ní apẹja ń jù ú nígbà 20 láàárín wákàtí kan, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà. Ó ti gbé e sókè nígbà 120 nìyẹn. Bí a bá ṣe é pọ̀, ó jẹ́ kìlógíráàmù 720, èyí tó ju àpò sìmẹ́ńtì 14 lọ, a ò sì tíì ka ẹja, ẹrẹ̀ àti koríko mọ́ ọn, a ò tíì ka fífà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ omi.

Fífà yìí ló sì ń pa ọwọ́. Iṣan tó ń ká ìka kò sí nínú ìka. Inú apá ló wà, láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́. Nígbà tí iṣan kan bá ń sún kì fún ìgbà pípẹ́ láìsinmi, ó máa ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó gba àárín rẹ̀ kọjá pa. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ oxygen àti ṣúgà wọlé, òun náà ló ń kó ìdọ̀tí iṣẹ́ jáde. Bí ọ̀nà bá dí, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú apá, ìka á sì di igi. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà apẹja fi ń fa okùn ní ọwọ́ kan tẹ̀ lé èkejì: bí ọ̀tún ti ń fà, òsì ń tú. Ìsinmi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹ̀jẹ̀ láti wọlé. Ẹni tó bá di okùn mú pinpin ní ọwọ́ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò ní sinmi rárá.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí ojú kì í rí. Ọkọ̀ àwọn apẹja tẹ́ẹ́rẹ́, kì í dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó dúró nínú rẹ̀ ń fi kókósẹ̀, orúnkún, ikùn àti ẹ̀yìn tún ara tò láìdáwọ́ dúró, bó tilẹ̀ dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Kò sí ẹni tó ń sanwó irú iṣẹ́ yìí, kò sì sí ẹni tó ń rántí rẹ̀. Ìgbà tí apẹja bá gúnlẹ̀, tó dùbúlẹ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn ún ju apá lọ, ló máa ń yà á lẹ́nu. Èmi gbà pé ìdúró yìí ló ń rẹ ènìyàn ju àwọ̀n gan-an lọ, ìdí sì ni pé kò ní ìsinmi láàárín rẹ̀. Ẹni tó ń fi ìwọ̀ dẹja lè jókòó. Ẹni tó ń dẹ ìgèrè á kàn lọ wò ó, á sì padà. Ẹni tó ń ju àwọ̀n ló wà lórí ìdúró láti òwúrọ̀.

Lórí adágún, ìtukọ̀ ló gba iwájú. Àwọn tó ń dẹ àwọ̀n sílẹ̀ mọ́jú máa ń tukọ̀ jáde ní ìdájí láti lọ yọ ẹja. Bí ọkọ̀ ṣe ń yára sí i ni omi ṣe ń takò ó, àtakò náà kì í sì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré. Bí o bá fẹ́ kí ọkọ̀ sáré ní ìlọ́po méjì, agbára tí wàá máa lò á sún mọ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ tún un kà: eré ìlọ́po méjì, agbára ìlọ́po mẹ́jọ. Apẹja tí kò mọ ìwé kan mọ òfin yìí lára, nítorí náà ni kì í fi í bá afẹ́fẹ́ jà. Bí ìjì bá ń bọ̀ láti iwájú, á yà sí ibòji etí adágún, á gba ibẹ̀ lọ, kódà bí ọ̀nà náà bá gùn jù. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń la àárín kọjá.

Nínú iṣan kọ̀ọ̀kan, fọ́nrán oríṣi méjì ló wà. Àwọn kan yára, wọ́n lágbára, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè rẹ̀ wọ́n. Àwọn ni ènìyàn ń lò láti ju àwọ̀n jìnnà tàbí láti fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Àwọn kejì lọ́ra, wọn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n lè ṣiṣẹ́ ṣúlẹ̀ bí afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ bá ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ènìyàn ti ń dàgbà, àwọn tó yára ló ń dín kù jù. Àwọn tó lọ́ra máa ń bá a dé ọjọ́ alẹ́. Ìdáhùn ìbéèrè wa lórí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún ti ń yọjú. Ọkàn rẹ̀ kò lè lù kíákíá bíi ti ọ̀dọ́ mọ́: ìṣirò tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń lò, ìyẹn 220 kí a yọ ọjọ́ orí kúrò, fún ọmọ ogún ọdún ní 200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì fún bàbá ní 160. Tó bá jẹ́ ìdíje eré sísá ni, bàbá ti fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìpẹja kì í bèèrè òkè agbára ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń bèèrè ni pé kí o má ná an tán ṣáájú àsìkò.

Ẹja fúnra rẹ̀ ń fi kún un. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹja ń jáde wá oúnjẹ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ jèrè ní láti wà lórí omi ní ìgbà méjèèjì, kí ọ̀sán gbígbóná sì wà láàárín. Bí ó bá lo gbogbo agbára rẹ̀ láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti wúwo nígbà tí ẹ̀pìyà àti àrọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Kì í ṣe àwọn apẹja wa nìkan ni irú ọjọ́ gígùn bẹ́ẹ̀ ń bá. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹja ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní muskie, eléyín mímú, oníjàgídíjàgan. Àwọn tó ń dẹ ẹ́ máa ń sọ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìgbà ni ènìyàn ń ju ìwọ̀ kí ó tó mú ọ̀kan. Eré ìdárayá ni tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn ló sì ń dá ẹja náà padà sínú omi, èyí tí apẹja etí Ọ̀yán kò ní gbà gbọ́ bí wọ́n bá sọ fún un. Síbẹ̀, ìyà ara wọn kan náà ni: ọwọ́ kan ṣoṣo, ìṣe kan ṣoṣo, láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, nígbà mìíràn láìrí nǹkan kan. Ẹ fi wé ti Àrgúngú ní ìpínlẹ̀ Kebbi, níbi tí ọdún ẹja ti bẹ̀rẹ̀ ní 1934, tí UNESCO sì gbà á wọ inú àkójọ àṣà àgbáyé ní 2016. Níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin á bẹ́ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè, wákàtí kan péré sì ni ìdíje náà. Agbára gidi ni, àmọ́ agbára wákàtí kan ni. Ènìyàn lè fi ìbínú àti ìlù parí wákàtí kan. Ọjọ́ kan gbáko kò ṣeé fi ìbínú parí.

Wàyí o, ká dé orí ooru, nítorí òun gan-an ni ọ̀tá. Nínú gbogbo agbára tí iṣan ń jó, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń di iṣẹ́. Ìyókù ń di ooru nínú ara. Ara sì ń fẹ́ dúró ní nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n Selsíọ̀sì. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ Abẹ́òkúta sábà máa ń kọjá 34 lọ́sàn-án, nítorí náà ooru inú kò rí ọ̀nà tó rọrùn gbà jáde. Òógùn nìkan ló kù. Lítà òógùn kan tó bá gbẹ lára lè gbé nǹkan bí 580 kílókálórì ooru lọ. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni “gbẹ”. Òógùn tó ń kán tó-tó-tó sínú ọkọ̀ kò tu ènìyàn lára; omi lásán ló dànù. Lórí omi sì rèé, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, bí atẹ́gùn kò bá fẹ́, òógùn kì í fẹ́ gbẹ. Ọkàn wá ní iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan: kó máa rán ẹ̀jẹ̀ sí iṣan, kó sì máa rán òmíràn sí awọ ara láti lọ tutù. Ẹ̀jẹ̀ náà kò pọ̀ sí i. Bí omi ara ti ń lọ, ṣe ló tilẹ̀ ń dín kù.

Ẹni tó bá wọn kìlógíráàmù 70, tí omi lítà kan àtààbọ̀ ti lọ lára rẹ̀, ti pàdánù ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ, àtibẹ̀ sì ni agbára iṣẹ́ ti ń já wálẹ̀. Nínú iṣẹ́ líle lábẹ́ oòrùn, wákàtí méjì péré lè mú lítà kan àtààbọ̀ yẹn lọ. Òǹgbẹ kì í tètè dé láti kìlọ̀. Ìgbà tó bá dé, gbèsè ti wà nílẹ̀. Ìtọ̀ tó pọ́n dúdú, orí fífọ́, òòyì, pajápajá nínú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni àmì. Bí apẹja bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wótowòto, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ má ṣe ní kó sinmi díẹ̀ kó tún tẹ̀ síwájú. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ọ̀nà ilé ìwòsàn. Irú ooru ara bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀.

Ara lè kọ́ ooru o. Bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, òógùn rẹ̀ á máa tètè jáde, iyọ̀ tó ń bá a lọ á dín kù, ọkàn rẹ̀ á sì rọlẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà kì í pẹ́ sá lọ bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyí tí ẹni tó ti ọ́fíìsì Èkó wá lọ́jọ́ Sátidé láti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹja fi ń ṣubú lu ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń gbé irin.

Ti oúnjẹ kò le. Gbogbo ṣúgà tí iṣan ènìyàn lè tọ́jú pa mọ́ kò ju nǹkan bí 400 sí 500 gíráàmù lọ, ẹ̀dọ̀ ń fi nǹkan bí 100 sí i. Iṣẹ́ wákàtí mélòó kan lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Láfún tí Ẹ̀gbá ń jẹ láàárọ̀ ń kún ibi ìpamọ́ yẹn dáadáa, ìrẹsì Ọ̀fadà àti ẹ̀wà á tún pẹ́ nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ro láfún lórí ọkọ̀. Ẹ̀gbá ò ní fẹ́ gbọ́ eléyìí, àmọ́ gaàrí Ìjẹ̀bú tí a fi omi tútù mímọ́ pò, tí a bu ẹ̀pà, ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ sí, ni oúnjẹ ọ̀sán tó bá ojú omi mu jù: omi wà níbẹ̀, okun wà níbẹ̀, iyọ̀ tí òógùn kó lọ náà wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ohun mímu, ṣíbí ìpotíì ṣúgà mẹ́fà tó tẹ́jú àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ nínú lítà omi mímọ́ kan tó. Kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kó má dúró de òǹgbẹ.

Parága kò sí nínú ètò yìí. Ọtí ń mú kí omi máa jáde lára, ó ń ba ìdúró ènìyàn jẹ́ nínú ọkọ̀ tí kò dúró jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì ń parọ́ fún ọkàn pé agbára ṣì wà. Tramadol burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti obì yàtọ̀ díẹ̀. Kaféènì inú rẹ̀ ń dín bí àárẹ̀ ṣe ń rí lára kù ní tòótọ́, kò kàn fi agbára tuntun kún ti tẹ́lẹ̀ ni. Kaféènì yìí náà, pẹ̀lú asipirín, ló wà nínú Alábùkún, ìyẹ̀fun orí fífọ́ tí Jacob Sogboyega Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta níhìn-ín ní 1918, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì ń bù sẹ́nu ní ìrọ̀lẹ́. Oògùn ìrora ní àyè tirẹ̀. Bí ènìyàn bá lò ó láàárọ̀ kí èjìká má baà dùn ún, ohun tó ṣe ni pé ó pa ẹnu ẹlẹ́rìí mọ́. Èjìká ṣì ń ya nìṣó. Nígbà tí omi ara bá sì ti gbẹ, asipirín kì í ṣe ọ̀rẹ́ kíndìnrín.

Iṣẹ́ kì í parí ní èbúté, ẹ jẹ́ ká rántí. Àwọn obìnrin tó ń gba ẹja, tí wọ́n ń yan án lórí iná igi títí òru fi ń lọ, ń jẹ ooru tiwọn pẹ̀lú èéfín.

Àárẹ̀ kan wá kù tí kì í ṣe ti iṣẹ́, òun ni mo sì fẹ́ kí àwọn ará etí Ọ̀yán fetí sí jù. Láti ìgbà tí dáàmù ti sé omi jọ, tí omi náà ń dúró jẹ́ẹ́ létí bèbè, ìgbín kéékèèké inú omi ti rí ibùgbé, àtọ̀sí ajá sì bá wọn wá. Àwọn olùwádìí ti bá àrùn náà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn abúlé etí adágún bíi Ìbarò àti Abúlé Titun. Ọmọ kòkòrò rẹ̀ ń jáde lára ìgbín, ọ̀sán gangan ló sì ń pọ̀ jù, á gba awọ ara ẹni tó wà nínú omi wọlé láìdá ọgbẹ́ sílẹ̀. Ẹyin rẹ̀ á máa ya ilé ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa bá ìtọ̀ jáde, èròjà irin á máa tán lára. Ẹ̀jẹ̀ tó dín kù kò lè gbé afẹ́fẹ́ tó tó lọ sí iṣan. Apẹja irú èyí á jẹ láfún, á mu omi, á sùn dáadáa, kò sì ní lókun. Àwọn ènìyàn á ní ó ti ya ọ̀lẹ. Ní àwọn abúlé kan, wọ́n tilẹ̀ ń wo ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ ọmọkùnrin bí àmì pé ó ti ń bàlágà. Irọ́ ni. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ìlò ẹ̀ẹ̀kan sì sábà máa ń ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá tún wọ omi lè tún kó o. Ẹ má tọ̀ sínú odò. Ẹ má wọ inú omi lọ́sàn-án gangan láìnídìí. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ yín tàbí ti ọmọ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó tún da àwọ̀n.